Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ẹgbẹ́ Bésíbọ́ọ̀lù Nígbà Òtútù: Àyè, Ọdún, Owó àti Pàṣípààrọ̀

Nígbà tí World Series, ìdíje àṣekágbá sáà, bá parí, ariwo a rọlẹ̀ lórí pápá, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ fún àwọn alákòóso ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kejì, ẹnikẹ́ni kò ní ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje, síbẹ̀ inú àwọn oṣù wọ̀nyẹn ni ìpìlẹ̀ sáà tó ń bọ̀ ti ń fìdí múlẹ̀ tàbí kí ó wó. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a fẹ́ràn eré yìí ni a máa ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù: ìlúmọ̀ọ́ká wo ni ẹgbẹ́ wa yóò rà? Mo ti rí i láàárín ọdún tí mo fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí pé ìbéèrè náà ló yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Ohun méjì ni ẹgbẹ́ ń rà tó sì ń tà ní tòótọ́, èkíní ni àyè lórí ìwé orúkọ, èkejì ni iye ọdún tí agbábọ́ọ̀lù ṣì ní láti lò kí ó tó gba òmìnira láti lọ sí ẹgbẹ́ tó bá wù ú. Ẹni tó bá ka àyè, tó ka ọdún, tó wá ka owó tẹ̀ lé e, yóò lè sọ ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, yóò sì lè dá ẹjọ́ pàṣípààrọ̀ ní ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ bá jáde.

Kọ́kọ́ ka àyè

Mú ìwé kan àti pẹ́ńsù. Ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú MLB, líìgì ńlá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìwé orúkọ tí kò gbọdọ̀ kọjá ènìyàn 40. Inú àwọn 40 yìí ni a ti ń yan 26 tó wà ní ìmúrasílẹ̀ fún eré ojoojúmọ́, ajubọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ ju 13 lọ nínú wọn kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí ní ọjọ́ tí sáà parí, kí o wá yọ àwọn tí àdéhùn wọn ti tán.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Nígbà tí sáà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹni tí ẹgbẹ́ bá fi sórí ìwé àwọn tó fara pa fún ọjọ́ 60 kì í gba àyè lára 40. Lẹ́yìn World Series, ìwé yẹn kò sí mọ́: láàárín ọjọ́ 5, gbogbo àwọn tó fara pa gbọ́dọ̀ padà sínú 40, ìbáà jẹ́ pé apá wọn ṣì wà nínú ọ̀já. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ kan tí ìwé rẹ̀ kún, tí ó ní ènìyàn 40, tí àwọn 4 mìíràn sì wà lórí ìwé àwọn tó fara pa. Bí agbábọ́ọ̀lù 6 nínú àwọn 40 bá gba òmìnira, 34 ló kù, ojú ẹni á sì sọ pé àyè 6 ṣí sílẹ̀. Dá àwọn 4 tó fara pa padà, ó di 38. Bí àwọn ọ̀dọ́ 3 bá wà ní líìgì kékeré, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dé MLB, tí ẹgbẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé kí àárín oṣù kọkànlá tó kọjá, ó di 41. Ẹgbẹ́ tí a rò pé ó ní àyè 6 ti fi ẹnì kan kọjá ààlà kí ó tó ra ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gba àyè ni ìyàn tí wọ́n ń pè ní Rule 5, èyí tó máa ń wáyé nínú oṣù kejìlá. Agbábọ́ọ̀lù tó fọwọ́ sí ìwé nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 18 lọ, tó sì ti lo sáà 5, tàbí èyí tó ti pé ọmọ ọdún 19 nígbà náà, tó sì ti lo sáà 4, wà ní gbangba fún gbogbo ẹgbẹ́ bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lára 40. 100,000 dọ́là ni ẹni tó bá mú un yóò san. Ìjánu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó mú un gbọ́dọ̀ fi í sínú 26 jálẹ̀ sáà tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹgbẹ́ mìíràn kò bá sì gbà á, wọn yóò fi í lọ̀ ẹgbẹ́ tó ti wá fún 50,000 dọ́là. Houston fi Johan Santana sílẹ̀ láìdáàbò bò ó lọ́dún 1999, ó sì dé ọ̀dọ̀ Minnesota, níbi tó ti gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young, èyí tí wọ́n ń fún ajubọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, lọ́dún 2004 àti 2006. Ìlànà tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ dáàbò bo àwọn ajubọ́ọ̀lù tó ti sún mọ́ òkè, nítorí ó rọrùn láti fi ajubọ́ọ̀lù kan pa mọ́ láàárín àwọn tó ń wọlé ní ìparí eré. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí kò tíì kúrò ní ìpele ìsàlẹ̀ líìgì kékeré, kò rọrùn láti gbé fún oṣù mẹ́fà láàárín ènìyàn 26, nítorí náà ẹgbẹ́ lè gbà pé kò sí ẹni tí yóò mú un.

Kí o tó kúrò nídìí ìwé orúkọ, fa ìlà sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tí kò ní ààyè ìdápadà mọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó wà lára 40 ní ọdún 3 tí ẹgbẹ́ fi lè máa rán an lọ sí líìgì kékeré kí ó sì tún pè é padà. Nígbà tí ọdún 3 yẹn bá ti tán, ẹgbẹ́ kò lè rán an sísàlẹ̀ láìkọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ yòókù, kí ẹni tó bá wù sì mú un. Àwọn tí ìlà wà lábẹ́ orúkọ wọn ni yóò kọ́kọ́ kúrò nígbà tí àyè bá há. Ẹgbẹ́ lè yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò lára 40 lójú ẹsẹ̀, a ó sì ní ọjọ́ 7 láti fi ṣe pàṣípààrọ̀, láti fi í han àwọn tó kù, tàbí láti tú u sílẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó ń tà nínú ọjọ́ 7 kò lágbára láti dúnàádúrà, nítorí náà ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń ta irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nígbà tí kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni pé àyè há.

Ka ọdún kí o tó ka owó

Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, kọ iye ọdún àti ọjọ́ tí ẹni náà ti lò ní líìgì ńlá. Ọjọ́ 172 ni wọ́n ń pè ní ọdún kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sáà máa ń gùn tó bíi ọjọ́ 187. Àlàfo kékeré yìí ti mú ìjà wá rí. Lọ́dún 2015, Chicago Cubs kò pe Kris Bryant wá sí òkè títí di 17 oṣù kẹrin. Nígbà tí sáà náà parí, ọjọ́ 171 ló ní. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù kí ó pé ọdún kan, òun náà ló sì gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dára jù lọ ní National League, ọ̀kan nínú líìgì méjì tó para pọ̀ di MLB, lọ́dún yẹn. Ó gbé ẹjọ́ náà dìde, onílàjà sì dá ẹgbẹ́ láre ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nítorí náà lẹ́yìn sáà 2021 ló tó gba òmìnira, nígbà tí ìbá ti gbà á lọ́dún kan ṣáájú. Àdéhùn gbogboogbò tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2022 ti wá sọ pé ẹni méjì tó bá ṣíwájú nínú ìbò ẹni tuntun ní líìgì kọ̀ọ̀kan yóò gba odindi ọdún kan, ó wù kí ọjọ́ tí wọ́n pè é jẹ́. Inú mi dùn sí òfin yẹn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bryant kò tọ́ sí ọmọ tó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere.

Pín àwọn orúkọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tí kò tíì lo ọdún 3 ni àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iye tí wọn yóò gbà pinnu, iye tó kéré jù tí òfin gbà sì jẹ́ 760,000 dọ́là lọ́dún 2025 àti 780,000 lọ́dún 2026. Àwọn tó ti lo ọdún 3 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 6 ni ọ̀nà kejì, wọ́n sì lè gbé ọ̀rọ̀ owó wọn lọ síwájú onílàjà. Díẹ̀ lára àwọn tó wà láàárín ọdún 2 sí 3, ìyẹn ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún tí ọjọ́ wọn pọ̀ jù, ní irú ẹ̀tọ́ yìí pẹ̀lú. Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn tó ti pé ọdún 6, tí wọ́n lè lọ síbi tó wù wọ́n bí àdéhùn wọn bá tán.

Àwọn tó wà ní àárín ni wàhálà pọ̀ sí. Bí ẹgbẹ́ àti agbábọ́ọ̀lù kò bá fohùn ṣọ̀kan, oníkálukú yóò kọ iye kan sílẹ̀ nínú oṣù kìíní, onílàjà mẹ́ta yóò sì yan ọ̀kan nínú iye méjèèjì láìpín in sí méjì. Owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gòkè lọ́dọọdún, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ ìpinnu bá dé nínú oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọ bóyá yóò fún un ní àdéhùn tàbí yóò jẹ́ kí ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ẹni kan ha wà lára 40 tó lè ṣe ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iṣẹ́ ọkùnrin yìí ní iye tó kéré jù? Bí ó bá wà, a jẹ́ pé ó yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ó máa ń dunni láti tú ẹni tí a mọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 5 tí a fi tọ́jú ajubọ́ọ̀lù àárín eré ni kò ní sí nílẹ̀ nígbà tí a bá nílò ahánbọ́ọ̀lù.

Fún àwọn tó ń gba òmìnira, ẹgbẹ́ lè nawọ́ àdéhùn ọdún kan sí wọn, tí iye rẹ̀ jẹ́ ìdọ́gba owó àwọn 125 tó ń gba jù, 22.025 mílíọ̀nù dọ́là ni ó jẹ́ fún sáà 2026. Bí agbábọ́ọ̀lù náà bá kọ̀ ọ́, tó sì lọ síbòmíràn, ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ yóò gba àfikún àǹfààní kan nínú yíyàn ọ̀dọ́, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun, ẹgbẹ́ tó sì rà á yóò pàdánù lára tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè nawọ́ irú àdéhùn yìí sí ẹnì kan.

Owó tí a san àti owó tí a kà

Àpapọ̀ owó ọ̀yà tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde kì í sábà jẹ́ èyí tí alákòóso ń wò. Èyí tó ń dẹ́rù bà á ni iye tí MLB fi ń ṣírò owó orí ìnáwó àṣejù. Láti rí i, pín odindi owó àdéhùn kọ̀ọ̀kan sí iye ọdún rẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún àwọn 40, kí o sì fi owó ìtọ́jú àti àjẹmọ́nú tí gbogbo ẹgbẹ́ ń san kún un. Ààlà rẹ̀ jẹ́ 241 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2025 àti 244 mílíọ̀nù lọ́dún 2026. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó lé. Bí ó bá tún kọjá lọ́dún kejì, ìdá 30 ni. Láti ọdún kẹta lọ, ìdá 50. Bí ohun tó lé bá ju 20 mílíọ̀nù lọ, àfikún mìíràn wà lórí rẹ̀, bí ó bá sì tó 40 mílíọ̀nù, ipò ẹgbẹ́ náà nínú yíyàn ọ̀dọ́ yóò sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 10.

Ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé, kí o rí bó ṣe ń ta. Ẹgbẹ́ kan dúró gẹ́lẹ́ lórí ààlà, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí tí ó fẹ́ kọjá, ó sì fẹ́ ra ẹni tí owó rẹ̀ jẹ́ 30 mílíọ̀nù lọ́dún. Ìdá 50 lórí 30 mílíọ̀nù jẹ́ 15 mílíọ̀nù. Mílíọ̀nù 10 tó kọjá 20 yóò tún gba àfikún ìdá 12, ìyẹn 1.2 mílíọ̀nù. Ọkùnrin tí wọ́n kéde pé ó gba 30 mílíọ̀nù ti ná ẹgbẹ́ náà ní 46.2 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ mìíràn tó wà ní ìsàlẹ̀ ààlà yóò san 30 mílíọ̀nù péré fún ẹni kan náà. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí a máa bi ara wa pé ṣé agbábọ́ọ̀lù kan tó iye kan láìkọ́kọ́ bi pé ta ló fẹ́ san án.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìṣirò náà di fúfúyẹ́ ni sísún owó síwájú. Nínú oṣù kejìlá 2023, Los Angeles Dodgers fún Shohei Ohtani ní àdéhùn ọdún 10 tí iye rẹ̀ jẹ́ 700 mílíọ̀nù dọ́là. Mílíọ̀nù 2 ni yóò máa gbà lọ́dọọdún nígbà tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, 68 mílíọ̀nù tó kù lọ́dún kọ̀ọ̀kan sì di ọdún 2034 sí 2043, láìsí èlé. Nítorí pé owó ọjọ́ iwájú kò níye lórí tó ti òní, nǹkan bíi 46 mílíọ̀nù lọ́dún ni a kà sí i fún Dodgers dípò 70. Ohtani fúnra rẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ kí ẹgbẹ́ lè rí owó ra àwọn mìíràn, òfin sì fàyè gbà á.

Bí ẹgbẹ́ bá lo ọdún kan péré lábẹ́ ààlà, ìdá tí yóò san yóò padà sí 20. Àǹfààní yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ìdí tí a fi ń ta ohun tí kò ní àrọ́pò. Nínú oṣù kejì 2020, nígbà tí ààlà jẹ́ 208 mílíọ̀nù, Boston Red Sox gbé Mookie Betts, tó ṣẹ́kù ọdún kan kí ó gba òmìnira, pẹ̀lú David Price fún Dodgers, wọ́n sì san 48 mílíọ̀nù, ìdajì ohun tó kù nínú àdéhùn Price. Alex Verdugo, Jeter Downs àti Connor Wong ni wọ́n gbà. Betts fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 12 tí iye rẹ̀ jẹ́ 365 mílíọ̀nù nínú oṣù keje ọdún náà, Dodgers sì gba World Series 2020. Ní ìparí ọdún 2022, Boston yọ Downs kúrò lára 40, Washington sì mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní, kì í ṣe nítorí pé Boston dín owó kù, bí kò ṣe pé ọmọ ọdún 27 tó lè ṣe ohun gbogbo lórí pápá ni wọ́n fi ṣe ìdínkù náà.

Bí a ṣe ń wọn pàṣípààrọ̀

Kọ́kọ́ mọ ohun tí kò ṣeé gbé. Yíyàn ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí a ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ní bésíbọ́ọ̀lù, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí MLB ń fún àwọn ẹgbẹ́ kan láti mú kí ìdíje dọ́gba. Ẹni tó ti lo ọdún 10 ní líìgì ńlá, tó sì ti lo 5 tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà, lè kọ̀ láti lọ. Ẹni tó gba òmìnira tí a sì rà ní ìgbà òtútù yìí kò ṣeé gbé lọ ṣáájú 15 oṣù kẹfà láìgba ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, fa ìlà sáàárín ìwé, kí o kọ iye ọdún tó kù fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Má kọ orúkọ ńlá tàbí kékeré. Ọdún ni kí o kọ, kí o sì fi iye owó tí a retí kún un. Nínú oṣù kejìlá 2023, San Diego Padres fi Juan Soto, tó ku ọdún kan, àti Trent Grisham, tó ku méjì, fún New York Yankees. Ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin ni wọ́n gbà, Michael King, Drew Thorpe, Jhony Brito àti Randy Vásquez, pẹ̀lú ahánbọ́ọ̀lù Kyle Higashioka. Lọ́dún 2024, Soto gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà 41, Yankees dé World Series, wọ́n pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ Dodgers, Soto sì lọ bá New York Mets pẹ̀lú àdéhùn ọdún 15 tí iye rẹ̀ jẹ́ 765 mílíọ̀nù. Ní San Diego, ènìyàn 201 ni kò rí bọ́ọ̀lù King gbá lọ́dún yẹn tí wọ́n fi padà síbi ìjókòó. Thorpe kò tilẹ̀ ju bọ́ọ̀lù kan fún Padres ní sáà. Wọ́n lò ó nínú oṣù kẹta láti fi gba Dylan Cease, àwọn Padres sì borí nínú eré 93. Lójú tèmi, àpẹẹrẹ pàṣípààrọ̀ tó dára nìyí, nítorí pé ẹgbẹ́ kan ra ọdún kan tó nílò gidigidi, èkejì sì sọ ọdún kan tó ń jò lọ́wọ́ rẹ̀ di ọ̀pọ̀ ọdún.

Ipò ẹgbẹ́ ló ń sọ irú ọdún tó yẹ kí ó rà. Chicago White Sox pàdánù eré 121 nínú 162 lọ́dún 2024. Kí ni wọn yóò fi ọdún 2 tó kù fún Garrett Crochet ṣe? Wọ́n fi í fún Boston nínú oṣù kejìlá, wọ́n gba ọ̀dọ́ mẹ́rin, Boston sì fún Crochet ní àdéhùn tuntun ọdún 6, 170 mílíọ̀nù, bí sáà 2025 ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá ń rà báyìí, wo bóyá owó tí yóò fi dá ẹni náà dúró wà nínú ìṣirò tí o ti ṣe lókè. Bí kò bá sí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ti di owó ilé ọdún méjì.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tò, fi àyè kan tàbí méjì sílẹ̀ lára 40 wọ inú oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ìwé wọn kún ń yọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ra ẹni tuntun, ẹni tó bá ní àyè ló ń ṣa wọ́n. Ní àárín oṣù kejì, nígbà tí àwọn ajubọ́ọ̀lù àti ahánbọ́ọ̀lù bá dé ibùdó ìgbaradì ní Florida àti Arizona, ìwé àwọn tó fara pa fún ọjọ́ 60 yóò tún ṣí. Àwọn tó ń wo apá sàn yóò kúrò lára 40, àyè yóò sì yọ, ìgbà náà sì ni kí o wo àwọn tó ti lo ọdún 6 tí wọn kò tíì rí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, nítorí pé ẹni tó ń béèrè ọdún 3 nínú oṣù kejìlá sábà máa ń gba ọdún kan nígbà yẹn.